Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Bi Ẹni Tí Ń Du Ipò ní Àdúgbò Wa

Ẹni tí yóò yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nì yí, kò sì sí ìgbà tí ó wúlò fún ará ìlú tó ìgbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò kí ni rí a máa kí ni láàárọ̀, a sì tún máa kí ni lálẹ́. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé wa rí a máa béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa. Wọn a lẹ àwòrán mọ́ ara ògiri, wọn a lu ìlù, wọn a pín ìrẹsì àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, tí òjò sì dé, gọ́tà tí ó dí ní èṣí náà ni yóò tún dí. Pàǹtí tí ó wà ní ẹnu ọjà kò ní kúrò níbẹ̀. Ìyá oníṣòwò tí ó san owó ìsọ̀ ní òwúrọ̀ kò sì ní rí ilé ìgbẹ́ tí ó mọ́ wọ̀ ní ọ̀sán.

Kì í ṣe láti gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni tàbí ẹgbẹ́ kankan ni a fi mú gègé. Ohun tí ó ká wa lára ni pé àwọn tí ń du ipò kánsílọ̀ àti ti alága a máa sọ ohun tí ó wù wọ́n, àwa tí a ó dìbò kì í sì í sábà béèrè ohun tí ó kàn wá. Ẹni tí a kò bi léèrè kò jẹ̀bi àìdáhùn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rán ẹ̀yin òǹkàwé wa létí bí ọ̀ràn yí ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn èyí a ó sọ ohun tí òfin fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, àti àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé ka iwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun fẹ́ ṣojú wa.

Ọ̀ràn Omi Ẹ̀rọ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀ràn omi, iná àti gọ́tà kéré jù fún òṣèlú, kí ó wo ìtàn Èkó. Ọ̀ràn omi ẹ̀rọ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ kó ará Èkó jọ sí ìdí òṣèlú. Ní ọdún 1908, nígbà tí Sir Walter Egerton ń ṣe Gómìnà, Ìjọba gbèrò àtifa omi láti Ìjù wá sí ìlú, wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú san owó rẹ̀. Inú bí àwọn ènìyàn. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn í mu, àti pé àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní omi náà jù lọ. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà, kí ìlú lè fi ohùn kan kọ owó omi. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Nígbà tí ó di 1916 tí owó omi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ìlú dàrú, àwọn ọlọ́jà ti ọjà wọn, Ọba Èṣùgbàyí pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìbínú Ìjọba lórí ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tí yóò sọ lónìí pé omi Ìjù kò dára. Omi tí ó mọ́ gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn. Ohun tí ó dun ará ìlú ni pé a gbèrò iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn, a ṣírò owó rẹ̀ lẹ́yìn wọn, a sì wá gbé gbèsè rẹ̀ ka iwájú wọn. Ẹni tí yóò san owó kò sí níbi tí a gbé pinnu. Èyí ni gbòǹgbò ọ̀ràn, òun náà ni ó sì wà nídìí ẹjọ́ tí àwọn ọlọ́jà ń rò títí di òní nígbà tí a bá kàn já wọ ọjà lówùúrọ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ìbò Tí Kò Kan Gbogbo Ènìyàn

Ọdún 1920 ni a kọ́kọ́ dìbò yan ènìyàn sínú Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó. Àwọn tí a yàn kò pọ̀, àwọn tí ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn wọ́n kò pọ̀ pẹ̀lú. Ní 1922, òfin tí Sir Hugh Clifford gbé kalẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ará Èkó láti yan ènìyàn mẹ́ta sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò, àfi kí owó tí ń wọlé fún un sì tó £100 lọ́dún. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn wa: iye àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, apẹja, alágbàró àti akọ̀wé kékeré wo ni ó lè rí £100 ní ayé ìgbà náà? Ti àwọn obìnrin, tí wọ́n di ọjà Èkó mú lọ́wọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ní 1923, Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè du ipò, nítorí ẹ̀wọ̀n tí a rán an lọ ní 1913. Àwọn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀, èyíinì ni Egerton Shyngle, Dókítà Adeniyi-Jones àti Eric Moore, ni gbogbo wọ́n sì wọlé. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ohun tí ẹgbẹ́ náà kọ sínú ìwé ètò rẹ̀. Wọ́n ní kí Èkó máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní dandan. Wọ́n ní kí àyè ìṣòwò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìṣe ojúsàájú. Ó ṣeé kà, ó ṣeé dì mú, ẹni tí ó bá sì yẹ àdéhùn ṣeé fi ìwé náà mú. Àwọn tí ń du ipò lónìí, mélòó nínú wọn ni ó ní ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé nítorí àwọn obìnrin kò ní ìbò, wọn kò ní ohùn. Nígbà tí Ìjọba ní kí àwọn obìnrin Èkó tí owó wọn bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó-orí ní 1940, Alímọ̀tù Pelewura, olórí àwọn ọlọ́jà, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n ti ọjà, wọ́n rìn tọ Ìjọba lọ, wọ́n sì bi í pé báwo ni a ṣe lè gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ìjọba gbé ìwọ̀n náà gòkè láti £50 dé £200, ẹrù náà sì kúrò lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bí àwọn ìyá wa bá lè ṣe èyí láìní ìwé ìbò, kí ni àwáwí àwa tí ó ní in?

Nígbà Tí Àìsàn Dé

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùgbé àdúgbò tí ó há mọ́ra mọ̀. Láàárín 1924 àti 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí èkúté àti eégbọn ń gbé kiri jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ibi tí ilé gbé sún mọ́ ilé, tí pàǹtí gbé kún ẹ̀yìnkùlé, tí afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà gbà, níbẹ̀ ni ó ti jà jù. Nítorí èyí ni Ìjọba fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, kí ó máa tún ìlú ṣe. Wọ́n wó ilé ní Òkò-Àwó, wọ́n sì la ilẹ̀ ní Yàbá fún ibùgbé tuntun. Láti ọdún 1955 wá, wọ́n tún wó ilé púpọ̀ láàárín ìgboro Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ẹni tí ó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ bá ara rẹ̀ níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tí ó ń jẹun pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ lójoojúmọ́ di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kí ó tó rí wọn.

Èyí ni a fi ń sọ pé gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àdúgbò tí a kò bá tọ́jú nígbà tí ọwọ́ ń bẹ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò wá fi katakata tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọdún 1950 àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ní 1950 ni ilẹ̀kùn ṣí. Tọkùnrin tobìnrin tí ó ti dàgbà ní Èkó ni ó dìbò sí Ìgbìmọ̀ Ìlú, láìbèèrè iye owó tí ń wọlé fún wọn. Àjọṣe NCNC àti ẹgbẹ́ Macaulay gba àyè 18 nínú 24, Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di Mẹ́yọ̀ Èkó. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ẹ̀sùn fi gba ìgboro kan pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ náà. A pe Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe ìwádìí. Àbọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1953 kò sì dára. A tú Ìgbìmọ̀ náà ká, a sì pa oyè Mẹ́yọ̀ rẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìtàn yìí sí ẹ̀gàn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni a ń wá. Láti 1908 ni ará Èkó ti ń jà pé kí a jẹ́ kí wọ́n yan ẹni tí yóò ṣojú wọn. Ó gbà wọ́n ní ọdún méjìlélógójì kí ìbò tó kárí. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, gbogbo rẹ̀ tún fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Dídìbò nìkan kò tó. Ẹni tí ó dìbò tí ó sì lọ sùn, ó dà bí ẹni tí ó gba ọmọ ọ̀dọ̀ sí ìsọ̀ tí kò sì ka owó nírọ̀lẹ́.

Ohun Tí Òfin Fi Lé Wọn Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe rọrùn láti tàn wá. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kọ́ ọjà, gáréèjì, odò ẹran àti ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Tirẹ̀ ni òpópónà àdúgbò, iná ìgboro àti gọ́tà. Tirẹ̀ ni kíkó pàǹtí àti ìdọ̀tí. Tirẹ̀ ni itẹ́ òkú. Tirẹ̀ ni kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Tirẹ̀ ni ìwé àṣẹ ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ojú omi kékeré, pẹ̀lú àbójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ. Ó sì ní ọwọ́, pẹ̀lú Ìjọba Ìpínlẹ̀, nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó. Kò sí ọjọ́ kan tí ó ń mọ́ tí kò kàn wá, láti ìgbà tí a bí ọmọ títí di ìgbà tí a sin àgbà. Bí ẹni tí ń du ipò kánsílọ̀ bá wá ń ṣèlérí pé òun yóò kọ́ afárá bí Afárá Kẹta, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ sì bi í léèrè gọ́tà. Afárá náà tí a parí ní 1990, iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ẹni tí ó ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, yálà kò mọ iṣẹ́ tí ó ń wá, tàbí ó mọ̀ ọ́n tí ó sì ń fi wá ṣeré. Méjèèjì kò dára.

Ìbéèrè Márùn-ún

Èkíní, gọ́tà àti pàǹtí. Ní Èkó, LAWMA tí í ṣe ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe àkóso kíkó pàǹtí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwé Òfin kọ ọ́ mọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí olùdíje náà má ṣe fi èyí ṣe ìbòjú. Kí ó sọ fún wa ohun tí yóò ṣe bí ọkọ̀ akópàǹtí kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó dárúkọ gọ́tà tí yóò kọ́kọ́ gbẹ́ ní àdúgbò wa, kí ó sì sọ oṣù tí yóò gbẹ́ ẹ. Bí ó bá ní lẹ́yìn òjò ni, kò tíì mọ Èkó.

Èkejì, ọjà. Iye owó wo ni ọlọ́jà yóò san, ta ni yóò gbà á, irú ìwé wo ni yóò fi rí gbà, kí ni a ó sì fi owó náà ṣe nínú ọjà náà gan-an? Bí a bá ní a ó tún ọjà kọ́, àwọn tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn ni yóò kọ́kọ́ gba ìsọ̀ padà, ní iye tí agbára wọn ká, àbí a ó tà á fún àwọn olówó tí kò ta ohunkóhun rí? Kí olùdíje dáhùn èyí lójú ìyálọ́jà àti gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, òpópónà, iná ìgboro àti ilé ìgbẹ́. Láti 1898 ni iná mànàmáná ti tàn ní Èkó. Ìtìjú ni ó jẹ́ pé obìnrin tí ó ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́ ń fi iná ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ la ọ̀nà. Ẹ bi í nípa iná tí a ti rì mọ́lẹ̀ tí kì í tàn, nítorí ó rọrùn láti ri ọ̀pá iná lójú àwọn ayàwòrán ju láti tọ́jú rẹ̀ lọ. Ẹ bi í pẹ̀lú nípa ilé ìgbẹ́ ọjà àti ti gáréèjì: ta ni yóò máa fọ̀ ọ́, níbo ni omi rẹ̀ yóò ti máa wá?

Ẹ̀kẹrin, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré tí ó wà ní àdúgbò. Ṣé àwọn aláboyún ń rí ìtọ́jú níbẹ̀? Ṣé òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ń jò? Ṣé olùdíje ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí kí ó tó wá bá wa? Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò rí i kò lè sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, owó. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn alága ti ń sọ pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ ni ó di owó wọn mú nínú àpò àjùmọ̀ní. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, àti pé kò tọ́ kí Gómìnà máa fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò wọn. Ní ọdún kan lé ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, ni Èkó dìbò yan àwọn alága àti kánsílọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí Ìwé Òfin mọ̀ àti 37 tí Ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ kún un. Nítorí náà kí a bi wọ́n: èló ni ó wọlé, èló ni ó jáde, kí ni ẹ fi ṣe? Ẹni tí ó wà nínú àwọn 37 ní láti ṣàlàyé sí i, nítorí Ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2004 pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Láti ọwọ́ ta ni owó yín ti ń wá, ta ni ó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò?

Iṣẹ́ Tiwa

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ìtumọ̀, pé a ti mọ ẹni tí yóò wọlé kí ọjọ́ tó pé. A kò ní bá wọn jiyàn lórí èyí, nítorí wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan: àwọn obìnrin tí wọ́n rìn tọ Ìjọba lọ ní 1940, ìbò wo ni ó wà lọ́wọ́ wọn? Ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìbò púpọ̀ àti ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìbò díẹ̀, àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú wa. Ó ṣeé ṣe kí a pè wọ́n sí ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé. Ó ṣeé ṣe kí a lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn. Ó ṣeé ṣe kí a kọ ìwé, kí ogójì ènìyàn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí a dákẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kí a tún wá máa ṣe ìyanu pé gọ́tà dí.

Ní ti ìrẹsì àti iyọ̀ tí a ń pín, ẹni tí ebi ń pa ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe é, a kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí oníṣòwò. Àpò ìrẹsì kékeré tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìkún-omi ọdún kan lè ba ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ tí yóò ra irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ́nà ogún. Ta ni ó jèrè nínú òwò náà?

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọlọ́jà, ti awakọ̀, ti oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn onílé, kọ ìbéèrè márùn-ún yìí sínú ìwé ní èdè Yorùbá tí ó yé gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n gbé e fún gbogbo olùdíje láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn, kí a tọ́jú ìdáhùn rẹ̀ títí ọdún kan yóò fi pé, kí a sì mú un jáde lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti dáhùn, òun náà ti dáhùn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Èdùmàrè jẹ́ kí àdúgbò wa dùn ún gbé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí a bá yàn rántí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́.